Ìṣètò Àwòrán àti Ojú Ẹ̀rọ fún Kọ̀ǹpútà Ọ̀nà Jíjìn: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Oníṣẹ́ Creek Road

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọ́fíìsì ní Creek Road rí, tàbí tó ti bá ènìyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá, mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi kó apá kan iṣẹ́ wọn kúrò ládùúgbò náà. Fún ọdún gbọọrọ ni àwọn tírélà fi tò sójú ọ̀nà èbúté, tí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wọlé iṣẹ́ ní agogo mẹ́jọ fi ń kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ. Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní agogo 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, àwọn tí kò tíì ronú kan iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn rí kò ní ọ̀nà mìíràn mọ́. Ètò ìpè tírélà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Àjọ Tó Ń Bójú Tó Èbúté ní Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021 bọ́ sójú ọ̀nà lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n àwọn tó ti kó kọ̀ǹpútà wọn lọ sí ibòmíràn kò kó o padà.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn tó ń lo irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́: àwọn ejẹ́ńtì tó ń gba ẹrù jáde ní wáàfù, àwọn akọ̀wé owó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní Ajégúnlẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ tí ilé iṣẹ́ òkè òkun gbà síṣẹ́ láìkúrò nílé. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ráhùn lé lórí kò pọ̀: lẹ́tà ń ṣú, àwòrán ń fà, dátà ń tán kí oṣù tó parí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìtọ́jú, ìtọ́jú náà kì í sì í gba owó lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun tí à ń pè ní kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn

Kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní virtual desktop, ni kọ̀ǹpútà tí kò sí níwájú ẹni tó ń lò ó. Ọpọlọ rẹ̀ àti ibi ìpamọ́ rẹ̀ wà nínú sáfà kan ní gbọ̀ngàn dátà, bóyá ní Ọ̀rẹ́gùn tàbí Lẹ́kì, bóyá ní òkè òkun. Ohun tó wà níwájú òṣìṣẹ́ ní Creek Road kò ju ojú àti ọwọ́ lọ: ojú ń gba àwòrán ohun tí sáfà ń ṣe, ọwọ́ ń fi ohun tí a tẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a rà ní Computer Village, Ìkẹjà, tí kò lè gbé iṣẹ́ ìṣirò owó tó wúwo mọ́, lè ṣe iṣẹ́ ojú àti ọwọ́ yìí dáadáa. Ìdí pàtàkì nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni ti Microsoft, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Remote Desktop. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà Windows NT 4.0 kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1998, ó sì wà nínú Windows títí di òní. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tún máa ń lo Citrix, tàbí Horizon, tí ó ti jẹ́ ti VMware rí kó tó bọ́ sọ́wọ́ Omnissa ní ọdún 2024. Orúkọ àwọn bọ́tìnnì yàtọ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà lẹ́yìn wọn ò yàtọ̀. Ti Microsoft ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín.

Ìdí tí kò fi yẹ kí a fojú kéré lẹ́tà tó ṣú

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ tí Creek Road mọ̀ jù lọ. Ejẹ́ńtì ń kọ ìwé ìkéde ẹrù fún àwọn aṣọ́bodè. Nọ́ńbà tó ń sọ irú ọjà tí ẹrù náà jẹ́ nínú ìwé owó bodè àjọ ECOWAS, èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2015, ní díjíìtì 10. Owó bodè inú ìwé náà pín sí ìpele márùn-ún: ìdá 0, ìdá 5, ìdá 10, ìdá 20 àti ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ojú bá ka 8 sí 3, tàbí 6 sí 0, ọjà tó yẹ kó san ìdá 5 lè bọ́ sí ìpele ìdá 20. Lórí ẹrù tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà, ìyàtọ̀ náà jẹ́ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà. Bí àṣìṣe náà bá sì fa owó bodè wá sílẹ̀ dípò kó gbé e sókè, aṣọ́bodè kò ní bi wá léèrè bóyá ojú ẹ̀rọ wa ń ṣú. Nígbà tí wọ́n bá ń tú ìwé náà wò lẹ́ẹ̀kejì, kọ̀ńténà jókòó sí wáàfù, owó ìdádúró rẹ̀ sì ń gorí ara wọn lójoojúmọ́.

Nọ́ńbà kọ̀ńténà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ṣọ́ nínú. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìkọnọ́ńbà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 6346, lẹ́tà mẹ́rin ló máa ń síwájú, díjíìtì mẹ́fà a tẹ̀ lé e, díjíìtì keje yóò sì jẹ́ èyí tí a fi ìṣirò fà yọ láti ara àwọn tó ṣáájú. Àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń fi kọ́ni ni CSQU 305438, tí díjíìtì ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ jẹ́ 3. Bí ẹnì kan bá fi àṣìṣe ka 8 tó gbẹ̀yìn sí 3, ìṣirò yóò mú 6 jáde dípò 3, ẹ̀rọ tó ń yẹ nọ́ńbà náà wò yóò sì kọ̀ ọ́. Nọ́ńbà irú ọjà kò ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ẹni tó ń kà á nìkan ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá gbọ́dọ̀ yan láàárín kí àwòrán yára àti kí lẹ́tà mọ́ketekete, ẹni tó ń kọ ìwé ìkéde ẹrù gbọ́dọ̀ yan lẹ́tà tó mọ́ketekete. Ìlànà kan yìí ló wà nídìí ohun gbogbo tí a ó sọ.

Bí àwòrán ṣe ń rìn dé ọ̀dọ̀ wa

Ojú ẹ̀rọ jẹ́ àkójọ àmì tíntìntín tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Ojú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1366 ní 768 ní àmì 1,049,088. Èyí tó jẹ́ 1920 ní 1080 ní àmì 2,073,600, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4K, tí í ṣe 3840 ní 2160, ní àmì 8,294,400. Bí sáfà bá fẹ́ fi gbogbo àmì ojú ẹ̀rọ 1920 ní 1080 ránṣẹ́ láìfún un pọ̀, ní bíìtì 24 fún àwọ̀ àmì kọ̀ọ̀kan, nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò nílò bí i gígábíìtì kan àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Irú íńtánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kọjá agbára ilé iṣẹ́ kékeré.

Nítorí náà ni sáfà fi ń lo ọgbọ́n. Àkọ́kọ́, kì í fi ohun tí kò yí padà ránṣẹ́. Bí a bá ń tẹ nọ́ńbà sínú àpótí kékeré kan, àpótí yẹn nìkan ló máa ń rìn. Èkejì, ohun tí ó ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, bí àwòrán bọ́tìnnì àti àmì ilé iṣẹ́, yóò wà ní ìpamọ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwa kí ó má baà tún un fi ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé yóò fún ìyókù pọ̀, bí a ti ń fún gàrí sínú àpò. Inú fífún yìí ni lẹ́tà ti máa ń ṣú.

Ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí wọ́n ń pè ní H.264, tí a tún mọ̀ sí AVC, ni wọ́n fi ń ṣe fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀, tí wọ́n ń pè ní 4:2:0, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n píksẹ́lì mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan ṣoṣo lò. Fún sinimá, ojú ènìyàn kì í mọ̀ ọ́n. Fún lẹ́tà pupa kéékèèké lórí àlà aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí ó kún inú tábìlì ìṣirò owó, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba: etí lẹ́tà á wú, àwọ̀ á sì rọ́ lu ara wọn. Ọ̀nà 4:4:4, tí Microsoft fi kún Remote Desktop láti ìgbà Windows 10 àti Windows Server 2016, ń fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ó ń jẹ dátà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n lẹ́tà á mọ́.

Ohun kan tún wà tí ìfúnpọ̀ kò lè tún ṣe, ìyẹn ni ọ̀nà jíjìn gan-an. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 5,000 bí ẹyẹ ṣe ń fò, okùn abẹ́ òkun sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé etí òkun ló ń gbà. Èyí túmọ̀ sí pé àlọ àti àbọ̀ kan kò lè dín ní ìdá 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, bó ti wù kí íńtánẹ́ẹ̀tì wa lágbára tó. Gbogbo lẹ́tà tí a bá tẹ̀ gbọ́dọ̀ rin ìrìn náà kó tó hàn lójú ẹ̀rọ. Bí sáfà bá wà ní Èkó níbí, ìrìn náà kò tó nǹkan. Ilé iṣẹ́ tó bá ní àǹfààní láti yan ibi tí sáfà rẹ̀ yóò wà, kó yan èyí tó wà nítòsí kó tó ná owó lórí ohun mìíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, ẹni tí sáfà rẹ̀ wà lókè òkun mọ ìyàtọ̀ náà lára.

Láti wọn ìrìn náà, ẹ ṣí Command Prompt nínú Windows, kí ẹ tẹ ping, kí ẹ fi àlàfo sí i, kí ẹ sì kọ orúkọ sáfà náà. Nọ́ńbà tí ms tẹ̀ lé ni ìdá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ìdájọ́ tiwa, èyí tí kò bá ju 100 lọ rọrùn láti fi ṣiṣẹ́. Èyí tó bá kọjá 200 yóò máa tánni ní sùúrù, kò sì sí ìṣètò àwòrán tó lè wò ó sàn. Àwọn sáfà kan kì í dáhùn ping nítorí ààbò, ẹ béèrè lọ́wọ́ alábòójútó ẹ̀rọ yín bí ó bá rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣètò tí òṣìṣẹ́ lè ṣe fúnra rẹ̀

Ẹ ṣí Remote Desktop Connection. Kí ẹ tó tẹ Connect, ẹ tẹ Show Options. Ojú ewé méjì ló kàn wá níbẹ̀, Display àti Experience.

Ní Display, ọ̀pá kan wà tí a lè fà sọ́tùn-ún tàbí sósì láti yan ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ. Ìwọ̀n tó yẹ kí a yàn ni ìwọ̀n gidi ojú ẹ̀rọ tó wà níwájú wa. Bí ojú ẹ̀rọ wa bá jẹ́ 1366 ní 768, tí a sì ní kí sáfà ya 1920 ní 1080, kọ̀ǹpútà wa yóò fún àwòrán náà kó lè wọ ojú rẹ̀, píksẹ́lì méjì yóò sì máa bá ara wọn jà fún àyè kan. Bí a bá ṣe òdìkejì rẹ̀, ó ń fẹ̀ ẹ́. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, lẹ́tà yóò ṣú. A ti rí i pé èyí nìkan ló fa ìdajì ohun tí àwọn ènìyàn ń dá íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́bi fún. Bí ẹ bá fa ọ̀pá náà dé òpin lápá ọ̀tún, tí ẹ bá rí Full Screen, ojú ẹ̀rọ yín ni yóò lò bó ṣe rí.

Lójú ewé kan náà, a lè yan ìjìnlẹ̀ àwọ̀. Bíìtì 16 lè fi àwọ̀ 65,536 hàn. Bíìtì 24 lè fi 16,777,216 hàn. Èyí tó ga jù ni 32. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni pé kí a dín in kù sí 16 nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá falẹ̀. Lórí sáfà tuntun, dídín rẹ̀ kù kì í mú èrè púpọ̀ wá mọ́, nítorí pé ọ̀nà ìfúnpọ̀ tuntun ni wọ́n kọ́ fún 32. Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, àyàfi bí sáfà yín bá ti dàgbà gan-an.

Àwọn tó ní ojú ẹ̀rọ méjì lè tẹ "Use all my monitors for the remote session". Ó dára fún ẹni tó fẹ́ fi ìwé ọkọ̀ òkun sí apá kan, kó sì máa kọ ìkéde ní apá kejì. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ méjì jẹ́ píksẹ́lì ìlọ́po méjì. Ẹni tó ń fi fóònù pín dátà fún láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe é lójoojúmọ́.

Ní ojú ewé Experience, ohun àkọ́kọ́ ni irú íńtánẹ́ẹ̀tì tí à ń lò. Windows lè wá a rí fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni a máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti fi í sí. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì yín bá ń lọ sókè sódò bí iná ọjọ́ òjò, ẹ yan "Low-speed broadband" fúnra yín, èyí tí wọ́n ṣe fún kílóbíìtì 256 sí mẹ́gábíìtì 2. Ẹni tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì náà ní tirẹ̀ nínú àkójọ náà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àpótí tí a lè sààmì sí. Ẹ mú ààmì kúrò lójú àwòrán ẹ̀yìn ojú ẹ̀rọ, kúrò lójú eré ìdárayá tí fèrèsé ń ṣe nígbà tí a bá ṣí tàbí tí a bá pa á, àti kúrò lójú fífi ohun inú fèrèsé hàn nígbà tí a bá ń fà á kiri. Àwòrán etíkun ẹlẹ́wà lẹ́yìn tábìlì ìṣirò kò kọ ìwé ìkéde fún ẹnikẹ́ni.

Ààmì méjì ni kí ẹ má ṣe mú kúrò. Ọ̀kan ni "Persistent bitmap caching", èyí tó ń pa ohun tó ti wá tẹ́lẹ̀ mọ́, tó sì ń dín dátà kù. Èkejì ni "Font smoothing". Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí a ń rí káàkiri ni pé kí a pa á láti fi dá dátà sí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun ló ń tún etí lẹ́tà ṣe, àwa tí à ń kọ Yorùbá sì ni a kọ́kọ́ máa ń mọ̀ bí kò bá sí níbẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà bá kéré, tí kò sì dán, àmì abẹ́ ẹ́ àti ọ́ máa ń pòórá, àmì ohùn á sì di ìdọ̀tí kékeré lórí lẹ́tà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò wá di ọ̀rọ̀ kan náà. Ní ìpínlẹ̀ tó fi òfin ọdún 2018 ní kí gbogbo ilé ìwé máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá, olùkọ́ tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò láti ọ̀nà jíjìn kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré.

Bí lẹ́tà bá mọ́ ṣùgbọ́n tó kéré jù, ẹ má ṣe dín ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ kù láti fi mú un tóbi. Inú Settings kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín ni kí ẹ ti lọ sí System, kí ẹ lọ sí Display, kí ẹ wá gbé Scale láti 100 sí 125 tàbí 150 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì já kúrò, kí ẹ tún wọlé. Remote Desktop tuntun yóò gbé ìwọ̀n náà dání lọ sọ́dọ̀ sáfà. Àwọn àgbà tí ojú wọn ti ń fẹ́ ìgò yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Nígbà tí ẹ bá ti wọlé tán, ẹ wo ọ̀pá búlúù tó wà lókè ojú ẹ̀rọ. Àmì bí ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò sọ bí ìsopọ̀ náà ṣe rí, àti bóyá UDP wà lẹ́nu iṣẹ́. UDP ni ọ̀nà tí kì í dúró de ìdìpọ̀ dátà kan tó sọnù kó tó fi èyí tó kàn ránṣẹ́, ó sì yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù wa dáadáa. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ohun èlò ààbò kan máa dí i lọ́nà. Láti jáde kúrò nínú Full Screen tàbí wọ inú rẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti Break pa pọ̀.

Ohun tí alábòójútó sáfà ní láti ṣe

Díẹ̀ nínú ìtọ́jú náà kò sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Lórí sáfà, nínú Group Policy, lábẹ́ Remote Desktop Session Host, ibì kan wà tó ń jẹ́ Remote Session Environment. Níbẹ̀ ni alábòójútó ti lè ṣí "Prioritize H.264/AVC 444 graphics mode", tí yóò mú kí lẹ́tà aláwọ̀ mọ́. Níbẹ̀ náà ni ó ti lè fi òpin sí iye ojú ẹ̀rọ àti ìwọ̀n wọn. Bí sáfà bá ní káàdì àwòrán gidi, ó lè jẹ́ kí àwọn tó wọlé láti ọ̀nà jíjìn lò ó. Bí kò bá ní, ọpọlọ sáfà ni yóò máa ya gbogbo àwòrán, ẹni ogún tó bá sì ń wo fídíò lẹ́ẹ̀kan náà lè mú un dákú.

Iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kì í kọjá 30 bí a kò bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀nà wà láti gbé e dé 60 nínú Registry. Fún ẹni tó ń ya àwòrán ilé tàbí tó ń ṣe fídíò, ó ní ìwúlò. Fún ìwé ìkéde ẹrù àti ìṣirò owó, ìnáwó lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti dátà pẹ̀lú ìṣirò. Bí iṣẹ́ kan bá ń gba mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá láìsinmi, wákàtí 8 yóò jẹ gígábáìtì 3.6. Iṣẹ́ títẹ̀ àti kíkà kì í gba tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojú ẹ̀rọ sábà máa ń dúró jẹ́ẹ́. Fídíò kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní igun ojú ewé ìròyìn lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ máa wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín, kì í ṣe nínú èyí tó wà lọ́nà jíjìn. Bí ó bá gba inú sáfà kọjá, yóò rìn lẹ́ẹ̀mejì.

Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà

Irú kejì wà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ajégúnlẹ̀ lè mọ̀ jù: kí kọ̀ǹpútà kan gbé òmíràn sínú ara rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi í kọ́ iṣẹ́ láìba ẹ̀rọ gidi jẹ́. VirtualBox ti Oracle ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ojú ẹ̀rọ inú rẹ̀ bá há bí ojú fèrèsé kékeré tí kò sì fẹ́ fẹ̀, Guest Additions ni kò tíì sí nínú rẹ̀. Ẹ fi í sí i láti inú Devices, kí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà inú náà padà. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ó bá wà ní pípa, ẹ lọ sí Settings, Display, kí ẹ gbé Video Memory sókè dé 128. Ẹ rántí pé inú ìrántí ẹ̀rọ gidi ni ó ti ń mú un, kọ̀ǹpútà tó ní gígábáìtì 4 péré kò sì lè gbé méjì lẹ́ẹ̀kan náà láìmí hẹlẹ.

Ilẹ̀kùn tí a kò gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀

Ojú ọ̀nà tí Remote Desktop ń gbà ni 3389, gbogbo olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ tó bá ṣí i sí gbangba nítorí àtiwọlé wẹ́rẹ́ ń fi kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn. VPN tàbí Remote Desktop Gateway ni kí ẹ gbà wọlé. Ìwé àwọn oníbàárà, nọ́ńbà owó orí wọn àti ìwé báńkì wọn ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 sì fi ojúṣe wọn lé ẹni tó ń kó wọn pamọ́ lọ́wọ́. Ní ojú ewé Local Resources, ẹ má ṣe jẹ́ kí sáfà rí àpótí ìpamọ́ kọ̀ǹpútà yín bí iṣẹ́ yín kò bá béèrè rẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ń lo kọ̀ǹpútà kafé.

Bí iná bá lọ

Àǹfààní kan tí àwọn oníṣẹ́ Àpápá máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ nìyí. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì dáhùn, tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, iṣẹ́ tó wà lórí sáfà kò parẹ́. Ìsopọ̀ ló já. Ìwé náà ṣì wà ní ṣíṣí níbi tí ẹ fi í sí, kọ́sọ̀ sì wà lórí lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ kẹ́yìn. Bí ẹ bá tún wọlé láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ibẹ̀ ni ẹ ó bá a. Ṣùgbọ́n alábòójútó lè ti fi wákàtí kan pàtó sí i tí sáfà yóò fi pa iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò padà sí, nítorí náà ẹ bi í léèrè iye wákàtí náà. Bí ọjọ́ bá parí, ẹ má ṣe fi X pa fèrèsé nìkan: ẹ tẹ Sign out, kí àyè lè wà fún ẹlòmíràn lórí sáfà. Bí ẹ bá sì tún wọlé láti orí ojú ẹ̀rọ tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀, àwọn fèrèsé kan lè wà níbi tí ojú kò tó mọ́. Ẹ tẹ Alt àti Space pa pọ̀, kí ẹ tẹ M, kí ẹ wá fi àwọn bọ́tìnnì ọfà fà wọ́n padà wá síwájú yín.